Ìdajì Gbólóhùn fún Rangel

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kọkànlá

Gbogbo ìwé tó wà nílé ìkàwé abúlé yìí ni mo ti kà tán, láti pẹpẹ ìsàlẹ̀ títí dé àjà. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan nílùú ńlá tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Mo bu iyọ̀ sí i. Pẹpẹ òkè, ọwọ́ mi ò tó o rí. Orúnkún mi àti àkàbà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn ìwé katakata, àwòrán wọn ni mo wò. Èyí tí eku jẹ, mo ka ohun tí eku ṣẹ́kù. Ìyókù, bí adìẹ ṣe ń tanlẹ̀ ni mo ṣe kà wọ́n: mo ṣa èyí tó dùn, mo bá tèmi lọ. Gbólóhùn tó bá gún mi lọ́kàn, mo máa ń dà á kọ sẹ́yìn ewé kàlẹ́ńdà tí mo bá ya láàárọ̀, mo sì ń kó wọn sínú agolo bisikíìtì. Agolo kan ti kún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni Rangel, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wa jọ kángun síra, ń pè é.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mladen wá. Ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà nínú ilẹ̀, ó fẹ́ lẹ ìwé ìkéde ìrántí tuntun mọ́ ilẹ̀kùn bí gbogbo wa ti ń ṣe — fọ́tò, orúkọ, ọjọ́ orí, àti ọ̀rọ̀ dáadáa kan nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni abúlé ti ń wá gbà á. Àwọn tó ń tẹ ìwé náà nílùú ní tiwọn, àmọ́ ọ̀kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo òkú, bí ìgbà tí èèyàn fi bàtà kan ṣoṣo wọ gbogbo ẹsẹ̀.

Mo tú agolo. Mo fún un ní: “Bí ìyá bá kúrò nílé, ìró ilé a yí padà, ọwọ́ a mọ̀ kí etí tó gbọ́.”

Mladen sunkún. Ó ní, “Bàbá Tsolo, ta ni òǹkọ̀wé tó mọ ilé mi tó báyìí?” Mo ní èèyàn ńlá kan ni. Inú ìwé ìtọ́jú oyin ni mo ti rí i. Ibi tó ti ń kọ́ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ìyá oyin ti kú.

Mo rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà títí mo fi dé ilé Rangel. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Àgbò ni mo ń pè é, torí ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi da àgùntàn lórí òkè. Ó ti dùbúlẹ̀ láti ìgbà ìkórè àjàrà. Àyà. Dókítà ti sọ ohun tó ní í sọ. Kuna ìyàwó rẹ̀ — òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé — ti sún ibùsùn rẹ̀ sídìí fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá mi. Ó ní kó lè máa rí ẹ̀dá alààyè. Èmi lẹ̀dá ọ̀hún. Bó bá fẹ́ mi, á fi ọ̀pá ìdaran rẹ̀ kan gíláàsì fèrèsé.

Àìkú, 19

Àgbò fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi sábẹ́ fọ́tò òun. “Má fún mi ní ti oyin o. Mo mọ̀ ẹ́.”

Mo ní agolo ti gbẹ, ó ku ẹyọ kan, ìyẹn sì rèé, mo ti fi pa mọ́ fún ara mi. Ó ní kí n kà á. Mo ka ìdajì — “Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ mí” — mo pa ẹnu dé.

Ó wò mí. “Ẹsẹ̀ ta ni? Ìwọ tó jókòó sẹ́nu géètì rélùwéè láti kékeré dàgbà? Ìdí ló rẹ̀ ẹ́. Kọ ìdí síbẹ̀.”

Kuna rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Èmi náà. Àgbò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè lọ.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, “Parí ẹ̀.” Mo ní ó dọjọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn mi. Kó yáa wà láàyè dìgbà náà kó lè wá kà á fúnra rẹ̀.

Mo rò pé oògùn ni mo fún un.

Ọjọ́rú, 22

Ìwé yìí nìkan ni màá kọ gbólóhùn náà sí lódindi. Inú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti bọ́ ló ti wá. Arìnrìn-àjò kan ń kú lọ lẹ́bàá odò, ẹni tó gbé orí rẹ̀ lé itan bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ó ní: “Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ mí, ayé ò sú mi.”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wà nínú agolo mi látìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mi ò fún ẹnikẹ́ni rí. Òkú rere ti kọjá, òkú ọlọ́lá ti kọjá, mi ò fún wọn.

Ti Àgbò ni. Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló rìn. Ojúkòkòrò ló ń yọ mí lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, 25

Kuna dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. “Bàbá Tsolo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí gbólóhùn yẹn fún un. Kì í sùn mọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ibi tí ẹni tó gbọ́n tó kọ odindi ìwé parí ọ̀rọ̀ sí náà nìyẹn, pé ó rẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níwájú.”

Mo ní, “Ìyàwó, jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ìbínú ló ń mú àgbò dúró lórí ẹsẹ̀.”

“Orí ẹsẹ̀ wo? Ta ló sọ fún yín pé ó ń dúró?” Ó gbé garawa rẹ̀. “Eré yín ti pọ̀ jù.”

Màá sọ fún un lọ́la.

Ajé, 27

Mi ò tíì sọ ọ́. Ó ń sùn nígbà tí mo dé. Mi ò jí i. Ó jọ pé mo dúpẹ́ pé ó ń sùn.

Ọjọ́bọ̀, 30

Yìnyín bolẹ̀. Mo kàwé.

Ẹtì, 1 oṣù Kejìlá

Àgbò ti lọ. Lọ́sàn-án àná, nígbà tí Kuna wọkọ̀ lọ gba oògùn nílùú. Nígbà tó dé, ara ti tutù. Ọ̀pá ìdaran rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn.

Kuna wá bá mi ní àgbàlá láàárọ̀ yìí. Kò tíì wọ dúdú. “Ṣé ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lánàá?” Mo ní mo dé ibẹ̀. “Ṣé ẹ sọ ọ́ fún un?” Mo ní mo sọ ọ́. Ó jókòó sórí yìnyín bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun náà. Mo sọ ọ́. Ó ní, “Kí ló wá wí?”

Mo ní ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó wí pé, “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ayé.”

Àìkú, 3

A sin ín lánàá. Gbólóhùn mi wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀, lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, lára ìdúró bọ́ọ̀sì, lára igi ńlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí kì í kàwé dúró kà á. Mladen ní, “Èyí ju tèmi lọ, Bàbá. Ẹ̀ ń fi dáadáa pa mọ́.”

A ta ọtí rakía sílẹ̀ fún un, a mu ìyókù. Wọ́n ní kí n ròyìn bó ṣe gbọ́ ọ. Ní ife àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ní ìkejì, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ìgò gbẹ, ó ti ń kọrin. Mo mọ ìtàn sọ jù. Ẹ̀rù ẹnu ara mi ń bà mí.

Ẹtì, 8

Kuna gbé àlìkámà sísè tí a fi ń rántí òkú wá. Ó ní kí n tún un sọ. Ibo ni mo dúró sí? Ṣé èmi ló ń wò àbí òkè? Mo ní òkè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ó ní òun ti ń sùn báyìí.

Èmi ò sùn.

Ajé, 8 oṣù Kìíní

Ogójì ọjọ́ tí Àgbò ti lọ. Kuna fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé ìkéde tuntun mọ́ géètì mi, ó fi ìyẹ̀fun pípò lẹ̀ ẹ́, ó tẹ igun rẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn má ṣí i. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: “Nígbà tí Tsolo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: Mo mọ̀ pé kì í ṣe ayé.”

Ó bi mí pé ṣé ó dára. Mo ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Ká ní inú ìwé ni mo ti rí i, ǹ bá ti dà á kọ.

Mi ò lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo jókòó ti ààrò, mo ń kàwé. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń kan fèrèsé rẹ̀ lódìkejì àgbàlá. Mo mọ ohun tó fẹ́. Mo ní kí n parí ojú ìwé yìí ná. Mo parí rẹ̀, mo ṣí òmíràn. Ó tún kàn án. Mo ka èyí náà. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ibi ti dákẹ́. Mo rò pé ó ti sùn, mo bá ìwé mi lọ.

Kò sí gbólóhùn kankan nínú ìwé náà tí mo dà kọ.

Ìdajì ni Rangel gbọ́.