Nítorí Àwọn Ọmọ-Ọmọ Mi Tí N Kò Kà

Agboolé Mùtàlíbù,
Ìtòsí Sọ́míìlì,
Òkè-Ṣọpẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

17 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ààbò àti Físà Ogúnléndé,
Àbújá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ FÍSÀ ÀÀBÒ FÚN HASANAT, ÌYÀWÓ ỌMỌ MI, ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀ TÍ WỌ́N WÀ NÍ KÁÍRÒ

Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnu tèmi yìí ni kò jẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi rí ọ̀nà wá sílé. Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé ni mo ti ń kà á ní àkàtúnkà. Ẹ má bínú pé mo sọ èyí kí n tó kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí ẹnu mi má baà tún kọsẹ̀.

1. Pákó ni mo ń tà ní Òkè-Ṣọpẹ́n. Abdulafeez ni àkọ́bí mi. Ó lọ kàwé Lárúbáwá ní Kàtúmù, ní ilẹ̀ Sùdáànì, ó sì fẹ́ Hasanat, ọmọ ibẹ̀. Àlàáfíà ni wọ́n wà kí ogun tó dé.

2. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá. Nígbà tí ogun lé wọn dé Íjíbítì, ìjọba wa gbé bàálù lọ kó àwọn ọmọ wa, Abdulafeez sì wà nínú wọn. Òṣìṣẹ́ yín kan, Arábìnrin Mercy, ló pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Ó fún un lómi, ó sì yá a ní fóònù tirẹ̀ kí ó fi pè mí. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo jókòó sórí pákó tí oníbàárà ń ná lọ́wọ́, mo bú sẹ́kún. Oníbàárà náà bá mi sunkún, kò sì ná ọjà mọ́. N kò ní gbàgbé oore yẹn láéláé.

3. Hasanat kò lè bá wọn wọ bàálù. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ti jóná mọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọkọ òun máa lọ, kí ó lọ wá ọ̀nà láti ilé. Arábìnrin Mercy yìí kan náà ló là á yé Abdulafeez pé físà ààbò wà fún ogúnléndé tó bá ní ẹbí ní Nàìjíríà, ó sì bá a kọ ìwé ìbéèrè. Mo tún dúpẹ́.

4. Ní oṣù Keje, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì yín, láti mọ̀ bóyá mo mọ ìyàwó àti àwọn ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Mo ka ìwé gírámà, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni Abdulafeez bí. Mo ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ó tún bi mí. Mo ní wọ́n pọ̀, Ọlọ́run yóò dá wọn sí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣàdúrà pé kí òun náà bí tirẹ̀ láyọ̀. Ó ní ó dàbọ̀. Inú mi dùn pé mo dáhùn bí àgbà.

5. Ìwé tó dé lẹ́yìn náà sọ pé ìyá ọkọ kò mọ iye ọmọ tó wà nínú ìgbéyàwó náà, nítorí náà wọ́n ti fi ìbéèrè wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin ọ̀gá, níhìn-ín, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tó bí mi kò kà wá rí títí ó fi kú. Mo lè ka pákó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kì í ṣe pákó. N kò sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò padà bi mí ní ìdí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn.

6. Mo mọ̀ wọ́n. Khalilullah ní àpá tíì gbígbóná ní ọwọ́ òsì. Bí ó bá pè mí, á ní kí Màmá Ìjẹ̀bú, bí ó ṣe ń pè mí, gbé fóònù síbi tí ẹ̀rọ ti ń la gẹdú, kí òun gbọ́ ọ. Raheemah, tí mo sọ ní Ọmọ́títí, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ẹnu ló máa ń fi ko fóònù títí iná fóònù náà yóò fi tán. Mùtàlíbù, tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ mi, Káírò ni wọ́n bí i sí lẹ́yìn tí Abdulafeez ti wá sílé. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbé e rí.

7. Ìwé ìgbélùú Hasanat ní Káírò yóò parí ní ìparí oṣù Kọkànlá. Bí ó bá parí, ìjọba ibẹ̀ lè dá wọn padà síbi tí ogun wà. Abdulafeez ń kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Àgbàlagbà ni, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń pè é láti bi í bóyá ó ti jẹun, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ pé òun máa jẹun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìbéèrè náà gbé yẹ̀ wò kí oṣù Kọkànlá tó parí. Bí ẹ bá tún pè mí, ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, n óò dáhùn títí fóònù yóò fi gbóná. Iye wọn nìkan ni n kò ní sọ. Orúkọ wọn ló wà lókè yìí, ẹ̀yin ẹ bá mi kà wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, èmi kò ní kà wọ́n. Abọ́ ni n óò gbé kalẹ̀, abọ́ yóò sì kárí.

Ẹ ṣeun ti bàálù, ẹ ṣeun ti omi tí ẹ fún ọmọ mi mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé padà sí mi.

Èmi ni tiyín, ìyá tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,

Alhaja Sìkírátù Mùtàlíbù,
Oníṣòwò pákó, ìyá Abdulafeez.