Ẹran Ọdún Àjíǹde Tí O Gbé Wá

Ifẹ̀wàrà,
Oṣù Kẹfà, 1998.

Jùwọ́n ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ìyàwó àti ọmọ ń gbádùn? Àwa náà wà, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò jẹ́ kó sinmi. Olúwa tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ wa ti kú tán. Ibà kan ló wọ ọgbà, etí wọn pọ́n, wọn ò jẹun mọ́, wọ́n sì ń ṣubú lé ara wọn. Ti Ìyá Ọláfúnkẹ́, opó ẹ̀yìnkùlé wa, náà kú, ló bá di pé òun ló kó àrùn wá, torí akọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó rà ní Iléṣà. Àwọn ẹlẹ́ran ìyókù kò kí i mọ́, wọ́n ní kó kúrò lẹ́gbẹ́, kó má sin ẹran mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹran yẹn ló fi ń jẹun.

Ni dókítà ẹran bá dé láti Òṣogbo, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nọ́síràtù. Mùsùlùmí ni o, kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbá èyí tó ń kú lọ mọ́ra ju àwa tí à ń jẹ ẹ́ lọ. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹran wa àti ti Ìyá Ọláfúnkẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ó ní àrùn náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, pé ẹ̀rọ kan ni wọn yóò fi sọ ọ́ di púpọ̀ kí wọ́n tó lè dá a mọ̀. Háà! Mo ní ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó ni? Ìgbà tí mo rò ó dáadáa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi irun abo ẹlẹ́dẹ̀ mi sínú ẹ̀rọ náà, bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló sọ ọ́ dà, mo gbà. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ní wọn ò fẹ́ fún wa ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé. Dókítà ní àrùn náà ń jọra bíi tẹbí tẹbí. Ẹran ẹni tó ta akọ ẹlẹ́dẹ̀ kò ní in rárá, ṣùgbọ́n tiwa àti ti Ìyá Ọláfúnkẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan, àwọn ìbátan wọn sì wà ní Èkó. Mo bi í pé ta ni olórí ẹbí náà, ká rán àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá láti Èkó.

Jùwọ́n, ìwọ ni. Ẹran ọdún Àjíǹde tí o fi sínú kúlà, tí a fi ayọ̀ jẹ, èmi ni mo da omi tí mo fi ṣàn án àti eegun rẹ̀ sínú ọpọ́n oúnjẹ wọn. Má sunkún o. O kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀, ìfẹ́ lo fi gbé e wá.

Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìfilọ̀, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní, “Ilé wa ni àrùn ti jáde, ọmọ mi ló gbé e wá, ẹ fi Ìyá Ọláfúnkẹ́ sílẹ̀.” Bàbá rẹ fọwọ́ bojú. Mo lọ jókòó ti Ìyá Ọláfúnkẹ́, ó sún fún mi.

Bá wa wá owó adìyẹ díẹ̀, dókítà ní ká má tíì sin ẹlẹ́dẹ̀. Ya ti Ìyá Ọláfúnkẹ́ sọ́tọ̀, kó pọ̀ ju tiwa lọ. Má fi rán ẹnikẹ́ni, ìwọ ni kí o mú un wá, kí o sì kọ́kọ́ yà sílé rẹ̀ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí o dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ohun rere tí o bá gbé wọlé kò ní di ẹkún mọ́, láṣẹ Olúwa. Ìyá Ọláfúnkẹ́ ní òun ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n ọgbà òfìfo rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susannah.