Nọ́ńbà Méjì Lórí Ìwé Ìròyìn

Dádì mi tí mo fura sí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán. Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ o. Bí ẹlẹ́ja ní Rye Lane, ní London níbí, bá wọn ẹja fún mi, màá ní kó tún un wọ̀n. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi: páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn. Ẹ ò mọ̀ pé orí yín ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí mi kẹrìnlá, ẹ mú mi lọ sílé oníbàárà yín kan tí ẹ fẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ní Nunhead. Fèrèsé pálọ̀ wọn yọ ikùn síta, bíi ti gbogbo àdúgbò yẹn, kápẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e yípo. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tí ẹ rà láàárọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀, bí ìṣe yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gé e kó bá ibi tó tẹ̀ mu, ẹ wá fi bírò kọ nọ́ńbà méjì sí i, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Nígbà tí ẹ ra kápẹ́ẹ̀tì, tí ẹ tẹ́ ẹ tán, tí a ń padà bọ̀, ẹ gbé àgékù rẹ̀ sábẹ́ apá, a wọ bọ́ọ̀sì. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn: pupa ní kọ́rídọ̀, búlúù ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ eérú ní yàrá mi, kò sí ìkankan tó bára mu. Mo bá rò ó pé nọ́ńbà ńlá lẹ sọ fún onílé, kékeré lẹ tẹ́, ìyókù di tiwa. Mo gbà lọ́kàn mi pé bàbá mi ń jalè.

Sátidé kejì, mo sọ ọ́ jáde lójú Mummy: "Mi ò bá yín gbé ohun tí ẹ jí mọ́." Ọwọ́ Mummy ti ń bọ̀ létí mi kí ẹ tó dá wọn dúró. "Ó dáa" nìkan lẹ sọ, ẹ gbé àpò iṣẹ́ yín, ẹ jáde. Títí ẹ fi kú, ẹ ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ṣé ó dùn yín ni? Àbí ẹ rò pé ọmọdé ló ń ṣe mí?

Mo ń lọ kíláàsì mátíìsì ní Forest Hill báyìí, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí mi ò bá ní shift. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tísà ya òbíríkítí sójú pátákó. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ fẹ́ mọ bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n etí tó tẹ̀ kì í gba rúlà. Wọ́n bá ya onígun mẹ́fà sínú rẹ̀, èyí kéré jù ú díẹ̀. Wọ́n fi òmíràn yí i ká lóde, ìyẹn tóbi jù ú díẹ̀. Òótọ́ wà láàárín méjèèjì. Wọ́n sọ igun di méjìlá, ó di mẹ́rìnlélógún, títí dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n ń há a mọ́ díẹ̀díẹ̀. Dádì, ìwé ìròyìn yín ni mo rántí. Ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá.

Ṣé mo wá gbà pé ẹ ò jalè? Rárá o. Mo délé, mo gun àga, mo gbé báàgì tí ẹ máa ń kó àwọn ìwé ìròyìn tí ẹ gé sí kúrò lórí wọ́dúróòbù Mummy. Mo fẹ́ mú yín ni. Mo fi rúlà fa onígun mẹ́ta kún inú ti Nunhead yẹn, mo fa ti òde náà, mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ńbà tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín dọ́gba. Ta ló kọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé mẹ́fà péré?

Síbẹ̀ ọkàn mi ò sinmi. Ta ló ni àgékù? Mo pe Uncle tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì tó bá kéré ti bàjẹ́ nìyẹn, torí náà ti ńlá lẹ máa ń rà. Mo fura sí àwọn náà, torí ọ̀rẹ́ kì í tú àṣírí ọ̀rẹ́. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa, wọ́n wá ní: "Yí àwọn ìwé ìròyìn yẹn padà, my dear. Wo ẹ̀yìn wọn."

Mo yí wọn padà. Lórí lẹ́tà wínníwínní ìwé ìròyìn, àwọn onílé ti fi bírò kọ ọ́ pé kí ẹ máa kó àgékù lọ, àwọn ò fẹ́ ẹ, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wo déètì orí ìwé ìròyìn, mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Títí dé ti Nunhead, kò sí ìbuwọ́lù kankan. Láti Sátidé tí mo sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, kò sí ọ̀kan tí kò ní.

Èmi lẹ ń kó ẹ̀rí jọ fún. Ẹ ń bẹ àwọn ẹni ẹlẹ́ni kí wọ́n buwọ́ lùwé nítorí ọmọ tí ẹ bí. Kí ló dé tí ẹ ò fi hàn mí? Ṣé ẹ ń dúró kí n bèèrè ni? Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú yàrá mi, mo sunkún. Ẹ dárí jì mí, Dádì.

Ti Nunhead yẹn, èmi náà wà níbẹ̀. Mo ti mú bírò, mo ti buwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, ẹlẹ́rìí yín tó pẹ́ dé.