Aṣọ Funfun Bàbá Tí Mo Rẹ Láró

Peckham, London,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulqoyyum,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá yín gbé ní Ìwó. Ara èmi le, àmọ́ ẹ ti gbọ́ pé Bàbá wà ní ọsibítù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún wọn. Nǹkan kan wà tí n kò lè sọ lórí fóònù, nítorí ẹkún kò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ aró àwọn ará Japan tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn nítòsí Rye Lane. Ṣíbórì ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tiwa: a ó rán aṣọ, a ó fún un pọ̀, a ó rẹ ẹ́ láró, a ó wá tú u. Àwọn àgbà Japan lè fi oṣù kan rán ẹyọ kan. Àwọn ọmọ Peckham kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo sọ ọ́ di iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la ti ń rẹ ẹ́. Aṣọ òwú àtijọ́ la ń lò, torí ó ń mu aró dáadáa.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò rí aṣọ mú lọ. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá, mo rí aṣọ funfun kan nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ pátápátá. Kò ní ojú rírán kankan, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ògbólógbòó ni. Ìwàǹwára kò jẹ́ kí n béèrè.

A ti yọ ọ́ nínú aró, a ń tú u, nígbà tí Yusrah, ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́, sọ pé: "Aunty, ṣé kì í ṣe ihram nìyí? Grandad mi ní irú ẹ̀, wọ́n ní òun ni kí wọ́n fi sin àwọn." Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó jẹ́. Aṣọ tí Bàbá fi ṣe Háájì ni, tí wọ́n fi omi Samusamu ti Mẹ́kà fọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú pé òun la ó fi dì wọ́n lọ́jọ́ ikú. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aró kò kúrò.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n mú aṣọ funfun àwọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn fojú kàn án ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo ń bẹ̀rù ìbínú wọn, mo sì tún ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ kà á sí àmì ikú, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ abẹ náà. Mo rin Rye Lane já, mo rí aṣọ funfun kan tó jọ ọ́, mo ti dì í mú pé màá fi rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá wá kú lórí irọ́ mi ńkọ́? Mo dá a padà sórí igbá ọlọ́jà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé aṣọ aró náà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá ń fi ìka tọ àwọn ojú àrà funfun tó wà lára rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí n kò fi lè wojú wọn mọ́. Wọ́n wá ní: "Àsúmáù, fi bò mí lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n fi bora nísinsìnyí tí mo ṣì ń mọ̀ pé òtútù ń mú mi."

Òun ni wọ́n fi ń bora títí di òní. Wọ́n ní kí n sọ fún yín kí ẹ ra aṣọ funfun mìíràn fún ọjọ́ ikú àwọn. Wọn kò gégùn-ún fún mi, wọn kò tilẹ̀ bínú, wọn kò sì kọ iṣẹ́ abẹ náà, síbẹ̀ ẹ̀rù kò kúrò lára mi. Ìbínú Bàbá ni mo ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kù tí mo ń bẹ̀rù báyìí.

Ẹ bá wa tẹ́wọ́ àdúà. Kí Ọlọ́run má fi ẹnì kankan nínú wa ṣọ̀fọ̀, kó dá Bàbá padà sílé fún wa. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín,
Àsúmáù.

Mo tún rántí: ẹ ra aṣọ funfun náà bí Bàbá ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.