Ọ̀nà Àbọ̀ Gùn Ju Ọ̀nà Àlọ Lọ

Ilé wa, Ẹdẹ,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Fawziyah ọmọ mi,

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tuntun náà, Ibtisam, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi ò tíì gbé orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́run á dá a sí fún wa, àmín. Àlàáfíà la wà, àfi màlúù tó wọ oko pákí wa ní Alájué.

Ìwé ọkọ̀ òfuurufú tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá yín ti dé. Najeem tó ń ṣájì fóònù níwájú ilé wa ló bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ojoojúmọ́ lò ń sọ pé Àtìláńtà jìnnà, àṣé o kàn ń dẹ́rù bà wá ni. Ìyá yín á kí Iṣáì ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, ọkọ̀ á gbéra, á sì dé bá yín kí Àsùbáà. Àbúrò mi tó lọ sí Kánò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, táyà tún fọ́.

Ìgbà tí mo wá wo ti àbọ̀ ni àyà mi já. Wọ́n ní Alásàrí ni yóò gbéra lọ́dọ̀ yín, oòrùn ọjọ́ kejì á sì ti ga kó tó dé Èkó. Ọkọ̀ kan náà, òfuurufú kan náà! Mo rò ó títí, mo ní àfi bó bá jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń gùn bọ̀, bí ìgbà tí a máa ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ti ìlú Ará bọ̀. Najeem ní kì í ṣe òkè, ó ní oòrùn ló máa ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ tí kò kọjá Òṣogbo rí! Mo ní ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé lèmi ń kà.

Ìyá yín ò tiẹ̀ bìkítà. Ó ti di ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tó fẹ́ fi wẹ ọmọ, ó ń kọrin kiri ilé. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Ṣé o rántí Àwáwù, ìyàwó Ìyàndá tó múlé tì wá? Ó lọ wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní oṣù mẹ́ta, ó ti di ọdún kejì báyìí. A ti ń sọ pé ó kọ ọkọ rẹ̀ ni, àṣé ọ̀nà ni kò jẹ́. Ìwọ náà, ó pẹ́ tí o ti ń sọ pé ò ń bọ̀ wá wò wá, mo sì ti ń bínú sí ọ. Mi ò bínú mọ́.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bèèrè owó oúnjẹ, mi ò bèèrè owó oògùn orúnkún. Owó yòówù tó bá wà lọ́kàn rẹ láti fi ránṣẹ́ sí mi, jọ̀ọ́, gbé e fún àwọn ọlọ́kọ̀, kí wọ́n gbé ìyá yín gba ọ̀nà àlọ padà wá fún mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ náà tọ́jú yín bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Má jẹ́ kí ìyá yín gbọ́ ohun tí mo sọ o. Mo ti sọ fún un níwájú ẹbí pé kó máa lọ, pé mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé kò sí nílé. Kò tíì lọ, mo sì ti ń mọ̀ ọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùràímọ̀.