Máìlì Ọdún Mẹ́sàn-án, Ìjókòó Méjì

                                                            Yàrá Kejìlá, Àjà Kẹta,
                                                            Ilé Bíríkì Pupa,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o? Ṣé gbogbo ilé le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbíkẹ́yìn ti ń jẹ́ kí o sùn? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé yín. Inú mi dùn púpọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ ẹni mẹ́ta pa ọ́ nítorí oyè kan ṣoṣo. Ara tèmi le. Màmá náà wà dáadáa, àyàfi orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ibi tí wọ́n sì wà báyìí ni màá fi parí ọ̀rọ̀ mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Lẹ́tà rẹ méjì ló wà lórí tábìlì mi tí mi ò fèsì sí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ìrìn àjò kan ló gbà mí lọ́wọ́ láti oṣù kẹjọ. Ó wù mí kí n rò ó fún ọ látòkèdélẹ̀, pàápàá nítorí pé o kọ̀wé pé ọkọ rẹ náà ní máìlì bàálù nílẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

O rántí Ìyá Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Màmá. Màmá ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n wọn yìí ló sì tọ́ wọn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti bọ́ wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rán wọn níwèé. Láti ìgbà tí Ìyá Aránṣọ ti lọ́kọ ni wọ́n ti ń gbé ní ìlú kékeré kan létí òkun, ọ̀nà jíjìn réré, ó sì di ọdún mẹ́tàdínlógún tí àwọn méjèèjì ti fojú kanra. Orí fóònù ni wọ́n ń bá gbogbo rẹ̀ yí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọmọ Ìyá Aránṣọ pè wá pé ojú ọ̀tún wọn ti fọ́ pátápátá. Dókítà sì ti sọ pé òsì ò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Bí ó bá pẹ́ títí, á fi di ọdún tuntun. Màmá gba fóònù náà. Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn ketekete.

Wọ́n ní, "Mi ò bẹ̀rù òkùnkùn. Àmọ́ ojú rẹ tó wà lọ́kàn mi, ti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni. Mo fẹ́ fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ju agbára mi lọ. Máìlì ni mo ní. O mọ iṣẹ́ mi: ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé àpótí irinṣẹ́ láti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ṣe. Nígbàkúùgbà tí mo bá wọ bàálù ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá wa máa ń gbà fún wa, wọ́n á kọ iye máìlì sílẹ̀ lórúkọ mi, kí n lè fi gba ìjókòó lọ́jọ́ iwájú. Ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, mi ò sì fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí mo wá yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé gbogbo rẹ̀ máa kú ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹsàn-án, bí mi ò bá fi gba tíkẹ́ẹ̀tì kó tó dìgbà náà.

Bàálù tiwọn ò dé ìlú Ìyá Aránṣọ. Àwọn alájọṣe wọn ló ń dé ibẹ̀, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn tí wọ́n jọ mulẹ̀ pé àwọn á máa gba máìlì ara wọn. Ṣùgbọ́n o mọ bí àjọṣe ọmọ aráyé ṣe ń rí. Ìjókòó tí wọ́n bá rò pé ẹnikẹ́ni ò ní rà ni wọ́n ń yọ fún oníbàárà ẹlòmíràn, kì í sì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú bàálù kan. Mo tẹ ìlú tiwa, mo tẹ ìlú tiwọn, mo tẹ ọjọ́. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Mo yí ọjọ́ padà, kò sí náà ni. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí n tó wọ bàtà, bí ọdẹ tó ń lọ wo pańpẹ́ tí kò mú nǹkan.

Èrò mi ni pé kí n fi gbogbo máìlì náà gba ìjókòó kan ṣoṣo níwájú bàálù, níbi tí Màmá á ti lè na orúnkún wọn dáadáa. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ máa wò níwájú? Ẹ̀yìn ni kí o gbà, kí o gba méjì. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi ń bá àlejò jókòó lókè. Bá èmi náà jókòó lẹ́ẹ̀kan."

O mọ iye ìgbà tí mo ti wà lókè nígbà tó yẹ kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìgbà tó yá ni mo pe ilé iṣẹ́ bàálù náà lórí fóònù. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú. Mo sọ ọ́ ní Olóhùn Tútù. Ó ní kí n má wá gbogbo ọ̀nà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n máa wá a ní abala kọ̀ọ̀kan. "Ibi tí bàálù tiwa bá gbé yín dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ nọ́ńbà bàálù àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ pè mí. Gbogbo alájọṣe wa kọ́ ni kọ̀ǹpútà ilé yín ń rí. Tèmi ń rí wọn."

Ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin sí ìgbà náà, mo rí ìjókòó méjì láti ìlú wa dé ìlú ńlá kan láàárín ọ̀nà, mo tún rí méjì nínú bàálù alájọṣe kan láti ibẹ̀ lọ, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá. Wákàtí márùn-ún la máa fi dúró láàárín. Mo pè é, ó so wọ́n pọ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àlọ àti àbọ̀. Owó orí pápákọ̀ nìkan la san lé e. Ó ní alájọṣe mìíràn wà tí ì bá bu owó epo lé wa lórí ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, kí ọkọ rẹ rí i pé wọ́n béèrè ìyẹn kí wọ́n tó gbà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti dára, kí n tún un tàn kí n tó kúrò nídìí rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, mo wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kan, mò ń dúró kí ẹ̀rọ kan tutù. Mo ní kí n pe alájọṣe tó máa gbé wa fúnra wọn.

Ọkùnrin tó gbé e wò ó títí. Ó ní, "Mo rí orúkọ yín, mà. Mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì."

Ó ṣàlàyé pé wọ́n kàn di ìjókòó mú fún wa ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì jáde, tó bá sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n á gba ìjókòó náà padà. Orúkọ Màmá ló fà á. O mọ bó ṣe gùn tó. Àyè tí kọ̀ǹpútà alájọṣe fi sílẹ̀ fún orúkọ ò gbà á, ló bá dá gbogbo rẹ̀ padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gun àtẹ̀gùn jáde síbi tí àwọn ọkọ̀ aláìsàn máa ń dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde geere lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpè náà já. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan ló gbé e ní ilé iṣẹ́ bàálù tó ni máìlì mi, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun fagi lé e lọ, máìlì mi á padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo ní, "Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, á ti kú." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í léèrè Olóhùn Tútù. Ó ní aago mẹ́ta ló ń wọṣẹ́.

Mo jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ mi, mo sì dúró. Mi ò ní purọ́ fún ọ, àyà mi já. Kì í ṣe tìtorí máìlì. Màmá ti ń di ẹrù láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ti sọ ọjọ́ tí a máa dé fún ẹ̀gbọ́n wọn.

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, mo pè, èmi àti orí ire mi, òun ló gbé e. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó pe alájọṣe náà fúnra rẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lórí ìlà, ó ní kí n ka orúkọ Màmá bí wọ́n ṣe gé e kúrú sínú ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé ìrìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì gbà á. Ó wá ka nọ́ńbà mẹ́tàlá fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, fún tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ó ní, "Tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà yìí lọ́wọ́, ẹ ò tíì ní nǹkan kan." Kí ọkọ rẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní bàbá wọn ò sọ wọ́n lórúkọ fún kọ̀ǹpútà.

A lọ. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n bi mí ní gbogbo ìbéèrè tí wọn ò tíì rí mi bi láti ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tó yá wọ́n gbórí lé mi léjìká, wọ́n sùn.

Ìyá Aránṣọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Wọn ò dì mọ́ Màmá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé lọ sí ìdí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, wọ́n yí ojú wọn síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wo ojú rírán aṣọ. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn gbé dígí wá.

Adúmáadán, ìyá wọn tó ti kú ò ya fọ́tò rí. Màmá ò rántí ojú rẹ̀ rárá. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n ni ẹ̀gbọ́n wọn yìí. Wọ́n gbé dígí náà síwájú Màmá, wọ́n ní, "Wò ó. Òun nìyẹn. Ká ní ó dàgbà ni, bó ṣe máa rí nìyẹn."

Màmá di dígí náà mú. Wọ́n wò ó títí tí mo fi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọjọ́ kejìlá, Màmá ní kí n pe Olóhùn Tútù pé kí ó sún ìpadàbọ̀ wọn síwájú. Ó rí ìjókòó kan nínú oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Mo bi Màmá bóyá kò ní pẹ́ jù. Wọ́n ní ìgbà tí ojú òsì bá kú ni ẹ̀gbọ́n àwọn máa nílò ẹni tó máa ṣàpèjúwe nǹkan fún wọn, àwọn sì fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó dìgbà náà. Nítorí náà, èmi nìkan ni mo padà wálé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ọjọ́ tí máìlì wọn máa kú wò lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àwọn olùkọ́ tó mọ̀ mí. Ilé dákẹ́ jù fún mi. Tí o bá ráyè, wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀dì Màmá ṣófo.

Èmi ni tìrẹ bí ti àná,

Ìyá Ẹ̀rọ.