Àlàájì Ò Gbàgbé Nǹkan Kan, Èmi Ni Mo Tú Káàdì Náà

Èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa rojọ́, torí mo mọ ara mi, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé báyìí, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ màá ti dá ara mi láre. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á, tó bá wù yín kẹ́ ẹ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi, torí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni baba kan máa fọwọ́ síwèé pé ọpọlọ àwọn ti ń gbàgbé nǹkan, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ wọn pé ju tèmi lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí... Ẹ mọ̀ pé àwọn tíréènì tó ń kó òṣìṣẹ́ wọ Island láàárọ̀, tí gbogbo ayé bá ti dé ibi iṣẹ́ tán, púpọ̀ nínú wọn ò níṣẹ́ kankan mọ́ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Yáàdì wa ni wọ́n ti ń wá sinmi. Èmi ni mo máa ń sọ ibi tí kálukú wọn máa dúró sí. Bọ́ọ̀dù wà níwájú mi, rédíò wà lọ́wọ́ mi, dírẹ́bà kankan ò gbọdọ̀ sún tíréènì kankan láìjẹ́ pé mo fọhùn. Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá wo yáàdì ọ̀hún! Ojú irin mẹ́fà péré, méjì méjì ni wọ́n ń tò sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa jáde kẹ́yìn. Tí ti iwájú bá kọ̀ tí ò lọ, ti ẹ̀yìn náà ti há nìyẹn. A kọ̀wé, a sọ̀rọ̀, a fi àwòrán ránṣẹ́, a ní kí wọ́n bá wa fi ojú irin kún un. Kí ni wọ́n fi kún un? Tíréènì! Tí mo bá ráhùn, ọ̀gá mi á ní "Manage am." Ọdún kẹta tí mo ti ń manage am rèé o.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ gan-an ni agbo ilé wa. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, mọ́tò mẹ́rin la máa ń tò sínú àyè tí ò gba méjì, ìṣó tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọn máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á mú kọ́kọ́rọ́ ẹni tó dí i lọ́nà, á sún mọ́tò onítọ̀hún sẹ́yìn, á gbé tiẹ̀ jáde, á tún dá ti ẹlẹ́ni padà síbi tó bá a. Kò sẹ́ni tó ń jí ẹnikẹ́ni láti tọrọ àyè. Ohun tí mo sọ fún wọn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìyẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èmi gan-an làwọn ń wá. Kí wọ́n má tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni ì bá dáa.

Torí ní yáàdì, òfin kan wà. Tí onímọ̀ ẹ̀rọ bá rí àléébù lára tíréènì, á so káàdì pupa mọ́ fèrèsé dírẹ́bà, á kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó so ó sára káàdì. Tíréènì tó bá ní káàdì pupa lára, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún un. Ẹni tó so ó nìkan ló sì lè tú u. Ọ̀gá pátápátá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ gan-an ni Àlàájì ti kọ́ mi ní òfin yẹn, wọ́n tún ní kí n sọ ọ́ padà fún àwọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ọmọ ilé kéwú.

Àlàájì yìí làgbà nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa. Ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, tẹ́ ẹ bá ti ń lọ sí ọjà Jankara ni. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ládùúgbò wa, ọwọ́ wọn ló ti wà látìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ọjọ́ tá a dé ibẹ̀ fún Àsùbáà tá a bá ilẹ̀kùn ní títì. Bí wọ́n ṣe jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn o.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, oòrùn mú bí iná. Tíréènì kan kú sójú ọ̀nà lọ́sàn-án, ọ̀gá mi wá ń pariwo lórí rédíò pé kí n fi tíréènì nọ́mbà kẹta rọ́pò rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀yìn nọ́mbà keje ni nọ́mbà kẹta wà. Mo sáré débẹ̀, mo bá káàdì pupa lára keje. Àlàájì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé dáadáa, wọ́n ti so káàdì, wọ́n wá lọ kírun Àyìlá. Wọn ò tíì kọ ọ́ sínú ìwé, torí tí wọ́n bá kírun tán ni wọ́n máa ń wá kọ ọ́, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n dúró kí wọ́n kírun tán, kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn tú káàdì wọn, ká sún tíréènì, kí wọ́n tún un so. Ìṣẹ́jú mélòó ni? Bóyá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ariwo ọ̀gá ti kún etí mi, inú sì ti ń bí mi láti àárọ̀, inú yáàdì ń bí mi, inú gbogbo ayé ń bí mi. Mo wò ó pé ká ṣáà sún un síbòmíràn, màá dá káàdì padà. Bí mo ṣe máa ń ṣe nílé náà ni. Mo tú u, mo jù ú sínú báàgì mi, mo pe dírẹ́bà, ó wá, kò rí káàdì kankan, ó sún keje lọ sórí ojú irin karùn-ún, kẹta sì jáde.

Mo wá gbàgbé. Ẹ ò gbọ́ nǹkan... èmi! Èmi tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà! Ìpè ń wọlé, rédíò ń pariwo, tíréènì mìíràn ń bọ̀ tí mi ò mọ ibi tí màá kó o sí. Àlàájì ò sì tiẹ̀ padà wá sí yáàdì, bí wọ́n ṣe ń kírun tán ni wọ́n ti gbé wọn lọ síbi èyí tó kú sójú ọ̀nà. Nígbà tó di aago mẹ́ta àbọ̀ tí wọ́n ní kí n mú tíréènì wá, mo wo bọ́ọ̀dù, mo rí keje lórí karùn-ún, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹnu mi pe dírẹ́bà pé kó gbé e.

Orí afárá, lójú ọ̀sà, ni ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí fúnra rẹ̀. Tíréènì dúró gbagidi. Ó lé ní wákàtí kan tí àwọn èèyàn fi wà nínú ooru, ìyá kan dákú. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnikẹ́ni ò já bọ́, ìyá náà sì ti gbádùn. Mo ṣì máa ń rí ilẹ̀kùn yẹn lójú mi tí mo bá ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe gbogbo wa. Àlàájì ní àwọn so káàdì. Wọ́n wá káàdì títí, wọn ò rí i. Wọ́n wo ìwé, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, ṣé mo rí káàdì lára keje? Mo ní mi ò rí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Báàgì tí káàdì wà nínú rẹ̀ wà lórí itan mi bí mo ṣe ń sọ ọ́... Ẹ má wulẹ̀ pa òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún fún mi, mo mọ̀ ọ́n, òun ló ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn.

Wọ́n ní kí Àlàájì lọ sinmi nílé, wọ́n ní ọjọ́ orí ti ń dé, kí wọ́n lọ rí dókítà. Àlàájì bínú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń bá gbogbo èèyàn jà, àwọn so káàdì, àwọn so káàdì. Ọkàn mi tiẹ̀ ń balẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé tí wọ́n bá jà dáadáa, òótọ́ á jáde láìjẹ́ pé mo lanu. Wọ́n kàn ṣàdédé dákẹ́ ni. Wọn ò jà mọ́. Ìyàwó wọn ní wọ́n ń jókòó, wọ́n ń ro ọjọ́ yẹn láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní bóyá keje kọ́ làwọn so ó mọ́, bóyá àwọn kàn rò ó lọ́kàn ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n dìde lẹ́yìn ìrun, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí lé lèmọ́mù lọ́wọ́, wọ́n ní káwọn má lọ gbàgbé ilé Ọlọ́run ní ṣíṣí sílẹ̀. Màámi ló wá ròyìn ẹ̀ fún mi nílé. Ńṣe ni inú ń bí mi sí wọn, ẹ gbà mí o! Kí ló dé tí wọn ò jà? Kí ló dé tí wọ́n gba irọ́ mi gbọ́ ju ojú ara wọn lọ?

Mo sọ fún Màámi, ẹni kan ṣoṣo tí mo sọ fún. Ọjà Sandgrouse ni wọ́n ti ń ta ẹ̀wà, wọn kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n ní bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran, pé Àlàájì kúkú ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n máa lé mi, wọ́n sì lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ta ló máa gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn? Mi ò lè ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo rí Màámi tí wọ́n gbé ẹ̀wà lọ sílé Àlàájì, wọn ò sì lè wo ojú ìyàwó Àlàájì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àlàájì rí mi bí mo ṣe ń kọjá, wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n ti ra ìwé kékeré kan, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, ìrun tí wọ́n kí, oògùn tí wọ́n lò, ẹni tó wá kí wọn. Wọ́n ní kí n máa wá lọ́jọọjọ́ Àìkú kí n máa bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ara mu, "torí ìwọ lorí ẹ pé jù nínú gbogbo yín." Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Mo so káàdì mọ́ keje kí n tó lọ kírun. Wọ́n wá fi bírò mìíràn kọ "mo rò pé" sókè, ṣáájú "mo so". Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Lánàá, wọ́n tún kó tíréènì tuntun kan wá fún wa. Ọ̀gá ní kí n manage am.

Ọjọ́ Àìkú ti dé tán, Àlàájì ń retí mi. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Ajé, ni wọ́n máa fọwọ́ síwèé pé àìsàn ọpọlọ ló ń dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Káàdì ṣì wà nínú báàgì mi, orúkọ wọn wà lára rẹ̀, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ṣé kí n lọ bá àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni? Ṣé kí n dákẹ́ bí Màámi ṣe wí? Mò ń béèrè bí ẹni tí ò mọ ìdáhùn... Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u, ọwọ́ wọn ló yẹ kí káàdì yẹn padà sí, ìyẹn ti yé mi. Ohun tí ò yé mi ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin èèyàn, tí mo bá wọlé tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá na ìwé kékeré yẹn sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣé káàdì ni kí n kọ́kọ́ gbé lé e, àbí kí n gba bírò lọ́wọ́ wọn, kí n kọ́kọ́ fa ilà pa "mo rò pé" yẹn rẹ́?